Ojú-ìwé Tí Káfíńtà Kò Rí Kà

Ìwé ìtàn mẹ́ta ni mo ti kọ láyé mi, gbogbo wọn ló dá lórí ẹni tó ń wá ara rẹ̀ àti Ọlọ́run rẹ̀. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo lọ, mi ò sì kà á tán.

Èkejì ni àwọn èèyàn fẹ́ràn jù. Káfíńtà kan ló wà nínú rẹ̀ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, tó lọ jókòó sétí òkun fún ọjọ́ mọ́kànlélógún. Omi àgbọn nìkan ló ń mu, títí tí káfíńtà mìíràn, tó jẹ́ òun fúnra rẹ̀ gan-an, fi jáde sí i látinú omi. Orí àtẹ̀gùn búlọ́ọ̀kù wa ní ẹ́sítéètì Jakande ni mo ti kọ ọ́. Bírò mẹ́rin kú sí mi lọ́wọ́, ìkarùn-ún ń làágùn. Àwọn alángbá máa ń wá gbọ́ ọ. Bí mo bá ka ibi tó dùn, wọ́n á mi orí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, tọkọtaya kan wá bá mi láti àdúgbò Addo. Iṣẹ́ wẹ́dà, jíjó irin pọ̀, ni ọkọ ń ṣe nílé-iṣẹ́ kan ní Free Zone, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá pọ̀ sí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì, ó gbé gálọ́ọ̀nù omi síwájú mi.

"Bàbá, ẹ bá mi gbàdúrà sí i. Lọ́jọ́ Ajé ni mò ń lọ sétí òkun, ọjọ́ mọ́kànlélógún, bíi ti káfíńtà yẹn."

Ìyàwó rẹ̀ já lu ọ̀rọ̀. "Tó bá pa iṣẹ́ jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta péré, wọ́n á gba ẹlòmíì. Ọmọ mẹ́ta ló wà nílé! Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ máa pa á rẹ́."

Ládùúgbò wa, ẹni tó bá ti kọ̀wé nípa Ọlọ́run ti di wòlíì, ó ti di ààfáà, omi àdúrà ni wọ́n máa ń gbé wá bá a. Ká sòótọ́, ìdọ̀bálẹ̀ yẹn dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo wo ojú obìnrin yẹn, mo sì yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Ọmọ mi, mi ò gbààwẹ̀ kankan. Ẹ̀wà ni mò ń jẹ nígbà tí mò ń kọ ọ́. Ẹ̀wà àti búrẹ́dì."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀ ń dán mi wò ni. Ẹni tó bá rí ìran kì í sọ pé òun rí i."

Mo fi Ọlọ́run búra. "Àwọn àgbà kì í jẹ́wọ́!" ló wí, ló bá tún dọ̀bálẹ̀. Bí mo ṣe ń sòótọ́ tó ni mò ń di ẹni mímọ́ sí i lójú rẹ̀.

Nígbà tí òótọ́ kò ṣiṣẹ́, mo padà sídìí ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ó dáa, o ti mú mi. Ojú-ìwé kan wà tí ẹni tó bá mi tẹ̀wé yọ kúrò. Nígbà tí káfíńtà kejì yẹn jáde látinú òkun, òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀, inú sì ń bí i burúkú. Ó ní, 'Ìwọ káfíńtà yìí! Láti ọjọ́ mọ́kànlélógún ni mo ti ń dúró dè ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹsẹ̀ ni mo fi rin ìsàlẹ̀ òkun wá wá ẹ!'"

Ó gbórí sókè nílẹ̀. "Ní ṣọ́ọ̀bù?"

"Níbi iṣẹ́."

"Kí ni káfíńtà wá ṣe?"

"Ó sáré padà. Kò tiẹ̀ dúró gbọn iyanrìn ìdí."

Ó dìde jókòó, ó wá ní kí n gbàdúrà iṣẹ́ sínú omi náà dípò ti òkun. Mo ṣe é. Bí wọ́n ṣe ń lọ, ìyàwó rẹ̀ dúró sẹ́yìn.

"Bàbá, irọ́ yín pọ̀ o. Ẹ ṣé, sà."

Lọ́jọ́ Ajé, ó pè mí lórí fóònù: ọkọ òun ti wọ bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́.