Ẹrù tí Bàbá Fúyẹ́ Dì fún Ọmọ Rẹ̀

Gbogbo ọ̀dọ́ tó bá ti lọ sùn sí àgọ́ rí ní àdúgbò náà ló mọ Bàbá Fúyẹ́. Òun ló ń tọ́jú yàrá ẹrù ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́, yàrá gígùn kan lẹ́yìn gbọ̀ngàn, tí òórùn kẹrosíìnì àti tapólì tó ti gba òjò kì í kúrò níbẹ̀. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ti di ìgbàgbé. "Jẹ́ kó fúyẹ́" ló máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ni àwọn ọmọ bá sọ ọ́ di Bàbá Fúyẹ́, òun náà sì ń jẹ́ ẹ.

Ọkùnrin náà le, kò sí irọ́ níbẹ̀. Bí ìrìn àjò bá ti dé tán, á ní kí kálukú da àpò rẹ̀ sílẹ̀ níwájú òun. Ẹní, kúbùsù fẹ́lẹ́, tọ́ọ̀ṣì, aṣọ òjò, abọ́ àti ṣíbí, ìbọ̀sẹ̀ tó gbẹ, ó parí. Ẹni tó bá kó bàtà rẹpẹtẹ wá, á bi í bóyá ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní bí ẹran ọ̀sìn. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n á máa rìn yí gbọ̀ngàn ká, wọ́n á sì máa kọ orin ẹgbẹ́. Ẹni tí kò bá lè kọ ọ́ dópin láìmí gúlegúle, ẹrù rẹ̀ ti pọ̀ jù nìyẹn, kó lọ yọ nǹkan kúrò níbẹ̀. Kò mọ ọmọ olówó, kò mọ ọmọ aláṣẹ. Àwọn òbí ń kùn, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ kankan tí ẹrù dá dúró lọ́nà rí.

Ọmọ kan ṣoṣo ni òun fúnra rẹ̀ bí, obìnrin sì ni. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ló ń bá ọmọ náà fínra láti kékeré. Bí òtútù bá ti mú un díẹ̀, gbogbo eegun ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ó di ilé ìwòsàn nìyẹn. "Ìyá mi" ni bàbá rẹ̀ ń pè é, nítorí pé ó fi ojú jọ ìyá tó bí bàbá náà. Ọmọ yìí mọ bí wọ́n ṣe ń pàgọ́ ju àwọn tó ń sùn nínú rẹ̀ lọ, ó mọ kúbùsù tó ń gba omi àti èyí tí kì í gbà á, ṣùgbọ́n kò sùn sí àgọ́ rí. Ọdọọdún ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, tó ń juwọ́ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí ọkọ̀ wọn bá ń lọ.

Lọ́dún kan ni kò fẹ́ juwọ́ mọ́. "Bàbá mi, ẹ̀ẹ̀kan péré," ló wí. "Mo kàn fẹ́ sùn síbẹ̀ kí n sì jí síbẹ̀. Tí mo bá ti ṣe é báyìí, mi ò ní yọ yín lẹ́nu mọ́ láé."

Ìyá ọmọ náà, tó ń rán aṣọ, gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Ẹ jẹ́ kó lọ, bàbá ẹ̀," ló sọ. "Dókítà ṣáà ní ara ẹ̀ ti le dáadáa. Àbí inú yàrá la fẹ́ máa tọ́jú ẹ̀ pa mọ́ sí ni?"

Bó ṣe gbà nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tó jókòó sílẹ̀ láti di ẹrù, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ́ ti ọgbọ́n tó fi ń ṣe iṣẹ́ mọ́. Ó ká kúbùsù fẹ́lẹ́ sínú àpò, ó yọ ọ́, ó fi èyí tó nípọn sí i. Ó tún dá èyí tó fẹ́lẹ́ padà lé e. Aṣọ òtútù tẹ̀lé e, òmíràn tẹ̀lé ìyẹn, fúláàsì omi gbígbóná, oògùn, ìgò omi mímu ńláńlá. Ohun tó bá ti rí nínú yàrá ló ń fà mọ́ra.

"Bàbá mi, ṣé mò ń kó kúrò nílé ni?" Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín.

"Panu mọ́ jàre, ìyá mi. Wọ́n á bá ẹ gbé e."

Ó mọ̀ pé àpò náà wúwo. Ta ni ìbá tún mọ̀ ọ́n jù ú lọ? Nígbà tí àwọn yòókù ń kọrin yí gbọ̀ngàn ká, ó sọ fún ọ̀gá àgọ́ pé òun ti yẹ tọmọ òun wò nílé, kó ṣáà bá a gbé e ní ibi tí ọkọ̀ bá ti dúró. Irọ́ àkọ́kọ́ tó máa pa lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ọkọ̀ dúró ní ẹsẹ̀ òkè, ibi tí ọ̀nà ti dópin. Ọ̀gá àgọ́ na ọwọ́ sí àpò náà, ọmọ fà á sẹ́yìn. "Èmi ọmọ Bàbá Fúyẹ́ kẹ̀? Kí wọ́n máa bá mi gbé ẹrù?" Ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn, ó sì bá wọn gun òkè pẹ̀lú orin lẹ́nu. Wọn ò tíì pàgọ́ tán tí ẹ̀yìn àti itan fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Wọ́n pọ̀n ọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Bàbá rẹ̀ bá a níbẹ̀ lórí ibùsùn, ètè rẹ̀ ti gbẹ, ojú rẹ̀ ti funfun. Ó wo bàbá rẹ̀, ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Bàbá mi, ó wúwo o," ló wí, "ṣùgbọ́n mo kọ orin náà dópin." Ó rò pé inú bàbá òun á dùn.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kú. Dókítà ní wàhálà náà ló pọ̀ jù fún ara rẹ̀. Ìyàwó Bàbá Fúyẹ́ kò dá a lẹ́bi. Ìbá sàn fún ọkùnrin náà ká ní ó bú u.

Àwọn ènìyàn rò pé kò ní padà sí yàrá ẹrù mọ́, ṣùgbọ́n ó padà. Nígbà tí ìrìn àjò mìíràn dé, obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò mú ọmọ rẹ̀ wá. Bàbá Fúyẹ́ fa kúbùsù tó nípọn jáde nínú àpò náà, inú sì bí obìnrin náà gan-an.

"Ẹ̀yin yìí, ṣé ẹ tiẹ̀ bímọ? Ẹ ò lè mọ bó ṣe ń ṣe abiyamọ."

Ọ̀gá àgọ́ ń bọ̀ wá dá a lóhùn, ṣùgbọ́n Bàbá Fúyẹ́ mi orí sí i pé kó dúró. Ó ká kúbùsù náà dáadáa, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún obìnrin náà.

"Mo bí, ìyá wa," ló wí. "Obìnrin ni. Èmi fúnra mi ni mo di ẹrù ẹ̀."