Ìpè Mẹ́ta Nínú Yàrá Bíìmù

Iṣẹ́ ààbò ni mò ń ṣe nílé iṣẹ́ wáyà kan lọ́nà Ìgbẹsà. Èmi ni mo máa ń wá ibi tí ewu wà kí ewu tó wá wa rí. Àwọn òṣìṣẹ́ ń pè mí ní Ìyá Má-ṣe-é, torí pé ohun tí wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu mi jù nìyẹn. Kò dùn mí. Ẹni tí orí rẹ̀ pé, tí ọwọ́ rẹ̀ pé, ló ń rí ẹnu sọ ẹlòmíràn lórúkọ.

Ẹ̀rọ tó ń bà mí lẹ́rù jù níbẹ̀ la ń pè ní Bíìmù. Ó máa ń lé iná kíníkíní tí ojú ò lè rí ní eré burúkú, á wá rọ̀jò rẹ̀ sára wáyà kí ike ara wáyà náà lè le, kó má tètè yọ́. Oore ló ń ṣe fún wáyà. Ẹran ara èèyàn kọ́ ló yẹ kó bá pàdé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́ yàrá kọ̀ńkéré yí i ká, ògiri rẹ̀ nípọn ju gígùn apá mi lọ, ilẹ̀kùn irin kan ṣoṣo ló sì ní. Bí Bíìmù bá ń ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sí nínú yàrá náà.

Ní ọdún kẹta mi níbẹ̀ ni olùkọ́ yunifásítì kan, obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Dókítà, wá bẹ ọ̀gá wa pé òun fẹ́ fi Bíìmù dán nǹkan wò lára àlùbọ́sà, bóyá kò ní í tètè hù nínú àpò mọ́. Ọ̀gá gbà. Ó ní kí n kọ gbogbo ewu tó lè wà níbẹ̀ sílẹ̀ kí ìdánwò náà tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kọ ọ́. Mo kọ ewu ìtànṣán, mo kọ ewu iná mànàmáná, mo kọ ewu afẹ́fẹ́ olóòórùn tí Bíìmù máa ń fi sílẹ̀, tó ń ta ni lọ́fun. Mo wá kọ bí a ó ṣe yẹ yàrá wò: kí ẹnì kan wọlé, kó dé gbogbo igun, kó pariwo lẹ́ẹ̀mẹta pé ta ló wà níbẹ̀, kó tẹ bọ́tìnnì ara ògiri tó ń jẹ́rìí pé ó ti yẹ̀ ẹ́ wò, kó jáde, kó ti ilẹ̀kùn, kí kọ́kọ́rọ́ má sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn yẹn náà ni wọ́n fi ń tan Bíìmù. Kí n má purọ́, mo yangàn lórí ìwé yẹn. Mo kà á sétí ọkọ mi títí ó fi sùn lọ.

Ọjọ́ Àlàmísì ni ìdánwò bọ́ sí. Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí, omi sì ti gba ẹ̀yìn sítọ̀, níbi tí àwa Mùsùlùmí ilé iṣẹ́ ti máa ń kírun. Omi kan náà dá ọkọ̀ Dókítà dúró ní Tóògéètì Ṣàngó, ó pẹ́ kó tó dé, ojú ọ̀gá sì ti pọ́n. Nínú yàrá Bíìmù, sáírìn tó ń kìlọ̀ pé ẹ̀rọ fẹ́ tàn ò dún dáadáa mọ́, Àáfà bá wọlé lọ tún un ṣe.

Àáfà ni àgbà oníṣẹ́ iná wa, òun náà ló ń ṣáájú wa kírun. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, òun ló kọ́ mi láti mọ wáyà tó ti kú yàtọ̀ sí èyí tó kàn ń sùn. Òfin wa ni pé ẹni tó bá wọ yàrá Bíìmù gbọ́dọ̀ fi káàdì rẹ̀ kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Àáfà wọlé, ó jáde, ó tún wọlé, nígbà tó yá kò kọ́ káàdì mọ́.

Mo ní, "Àáfà, káàdì yín ńkọ́?"

Ó ní, "Ìyá Má-ṣe-é, ṣé káàdì ló bí mi ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo jẹ́ kó lọ. Ojú àgbà ló ń tì mí. Sáírìn ń ké, ó ń dákẹ́, ó tún ń ké, títí etí wa fi di sí i.

Nígbà tí ó fi kọjá aago kan, Dókítà ti to àlùbọ́sà rẹ̀ sórí tábìlì nínú yàrá náà. Wọ́n sì ti to bíríkì òjé sẹ́yìn tábìlì, ó ga dé àyà mi, kí ìtànṣán má baà ba àwọn ohun èlò rẹ̀ jẹ́. Ògiri òjé yẹn kò sí nínú ìwé mi. Ẹ̀yìn tí mo ti fọwọ́ sí ìwé ni wọ́n tò ó.

Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Mádàámù, ẹ jẹ́ ká ṣe é kíá kí NẸ́PÀ tó mú iná lọ. Ohun tó bá ti yá kì í pẹ́ mọ́."

Inú bí mi. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa kán mi lójú. Ìbínú yẹn ni mo gbé wọlé. Mo lọ dúró níwájú bọ́tìnnì, mo pariwo, "Ta ló wà níbẹ̀?" Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ nìkan ló ń hó. Mo tẹ bọ́tìnnì, mo jáde, mo ti ilẹ̀kùn, mo máàkì ìwé níbi tí mo kọ ọ́ sí pé: mo ti dé gbogbo igun. Sáírìn bẹ̀rẹ̀ sí ké.

A dé yàrá tí wọ́n ti ń tan ẹ̀rọ. Ọ̀gá na ọwọ́ sí mi.

"Kọ́kọ́rọ́."

Mo gbójú sókè wo aago kí n lè kọ àkókò sílẹ̀. Aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú. N kò tíì kírun Àìlà. Mo ń bínú sí Àáfà nínú ara mi, pé kí ló dé tí kò pè wá sí ìrun lónìí.

N kò rí i kó jáde nínú yàrá Bíìmù.

Nílé, ọmọ mi obìnrin máa ń pè mí láti kíṣìnnì nígbà tí mo bá wà lórí ìrun. Màámi! Màámi! N kì í dáhùn. Ta ló ń dáhùn lórí ìrun? Mo ti bá a wí títí pé bí mi ò bá dá a lóhùn, kó wá wò mí kó tó máa pariwo. Èmi náà ló wá jókòó, tí mo kọ ọ́ sínú ìwé ààbò pé ká pè lẹ́ẹ̀mẹta, tí mo sì gbà pé ẹni tí kò bá dáhùn kò sí níbẹ̀.

Mo ní, "Àáfà dà?"

"Wọ́n ti lọ jẹun ni," ni ọ̀gá wí. "Mádàámù, kọ́kọ́rọ́. Ṣebí ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò? Ẹ ti sáìn."

Orí kọ́kọ́rọ́ ti wà láàárín ìka rẹ̀. Mo fà á padà.

"Ẹ ò ní í tan nǹkan kan."

"Mádàámù!"

Mo ti sáré. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kọ́kọ́rọ́ tàsé ihò ilẹ̀kùn. Nígbà tó ṣí, sáírìn dákẹ́ lójijì. Mo yí ògiri òjé náà ká.

Àáfà wà nílẹ̀ lórí páálí, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó na ìka kan síwájú lórí orúnkún. Ó yíjú sọ́tùn-ún, ó yíjú sósì, ó parí ìrun rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó wá wò mí.

Mo jágbe mọ́ ọn. N kò jágbe mọ́ àgbàlagbà báyẹn rí láyé mi. "Kí lẹ wá ṣe níbí? Ṣé ẹ fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́ ni?"

"Má bínú, ìyá mi," ló wí, ó ń ká páálí rẹ̀. "Omi ti gba ẹ̀yìn sítọ̀, ibí ló gbẹ, tó sì tutù. Mo gbọ́ ọ nígbà tí o ń pè. Mo tiẹ̀ gbé Àlááhù Akbar mi sókè kí o lè mọ̀ pé orí ìrun ni mo wà."

"Sáírìn ńkọ́?"

"Mo rò pé ẹ tún ń dán an wò ni." Ó rẹ́rìn-ín. "Ì bá jẹ́ ohùn ẹlòmíràn ni mo gbọ́, ǹ bá já ìrun mi, ǹ bá sáré jáde. Ṣùgbọ́n ohùn tìrẹ ni. Mo ní ìwọ kọ́ lo máa ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn láì dé gbogbo igun."

Èébú ì bá sàn fún mi.

Ọ̀gá ti dé lẹ́yìn mi. Ó ní, "Mádàámù dé gbogbo igun o, Àáfà. Ó wà nínú ìwé." Bóyá èmi ló fẹ́ gbè, bóyá ara rẹ̀ ni. Mo lè dákẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀.

Mo ní, "Àáfà, mi ò dé ibí. Ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnnì ni mo dúró sí tí mo ń pariwo. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ yín. Ọ̀gá ti fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ kí n tó rántí."

Ẹ̀rín ń kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wo ẹnu Bíìmù lókè àlùbọ́sà, ó wo ilẹ̀kùn, ó wò mí. Páálí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó na ọwọ́ tó fi kọ́ mi níṣẹ́ wáyà. Ó fẹ́ di bíríkì òjé mú, kò rí i dì. Mo gbá a mú.

Ó ní, "Mú mi jáde."