Eré Mọ́tò Kan Náà, Ẹ̀rọ Méjì

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní Iléṣà ní ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ kan, èmi náà sì ní ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń bá èyí tó ṣe tiwọn díje. Eré mọ́tò kan náà wà nínú méjèèjì: àwọ̀ tèmi tàn jù, orin tiwọn dùn jù. Ó ti pẹ́ tí a ti ń jiyàn lórí èyí tó dára jù.

Nígbà tí rọpárọsẹ̀ mú ọwọ́ ọ̀tún wọn, dókítà ní kí wọ́n máa lo ìka wọn, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Mo bá gbé ẹ̀rọ tèmi láti Òṣogbo lọ bá wọn. Ọwọ́ òsì nìkan ni wọ́n fi ń ta á. Àna mi ni wọ́n, ara wọn kò sì yá, mo wá ń rọra sáré nínú eré náà kí wọ́n lè borí.

Wọ́n ju páàdì tí wọ́n fi ń darí mọ́tò náà sílẹ̀. "Ṣé àánú mi ló ń ṣe ọ́ ni, àbí ẹ̀rọ rẹ ló ń tiro?"

"Ẹ̀rọ tèmi kẹ̀? Tiyín tí mọ́tò inú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò ńkọ́?"

"Gbé tèmi wá, kí o wá gbọ́ orin!"

Bí a ti ń sáré lórí ẹ̀rọ tiwọn, àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún wọn mira, ó sì tẹ bọ́tìnnì. Mo sáré tọkàntọkàn, mo na àna mi láìwojú.

"Ó di ọ̀la," ni wọ́n wí, wọ́n ń na ìka náà. "Má tíì padà sí Òṣogbo o."