Ilẹ̀kùn Tó Pa Dé Mọ́ Obìnrin Náà

Òórùn ẹja yíyan gba ojú fèrèsé wọlé lánàá, owú àtijọ́ sì tún ru sókè nínú mi.

Ọ̀sán Sátidé kan ni, nígbà tí mo ṣì kéré, nílé wa ní Ìgbògbò. Èmi àti Ṣadé ṣẹ̀ṣẹ̀ wo apá tó kẹ́yìn eré kan tán lórí tẹlifíṣọ̀n. Obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan wọ inú ilẹ̀kùn tó ń tàn yòò láàárín igbó, ilẹ̀kùn náà pa dé, eré sì parí.

Ọmọ àbúrò màmá mi ni Ṣadé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un wá láti Ẹ̀pẹ́ ni. Wọ́n ní ìyá rẹ̀ rìnrìn àjò.

Ṣadé ní, "Wọ́n ṣì máa ṣe é lọ."

"Ó ti parí! Bí a ò ṣe mọ ibi tó lọ yẹn gan-an ló jẹ́ kó dùn. Tí wọ́n bá fà á gùn, á bàjẹ́."

"Ṣé kò ní padà wálé ni?"

Mo yíjú sí màmá mi kí wọ́n lè gbè mí. Ẹja yíyan ni wọ́n ń bù sáwo. Ọwọ́ wọn dúró.

"Wọ́n á ṣe é lọ," ni wọ́n wí. "Á padà."

Ni wọ́n bá gbé orí ẹja, tó máa ń jẹ́ tèmi, fún Ṣadé, wọ́n sì fà á mọ́ra. Mo bú sẹ́kún. Kò sẹ́ni tó wojú mi.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé wọ́n ti sin ìyá Ṣadé kí wọ́n tó mú un wá.

Títí dòní, wọn ò ṣe eré yẹn lọ. Èmi ni mo jàre. Síbẹ̀, òun ló jẹ orí ẹja mi.