Gìtá Ẹnu Tíṣà

Nígbà tí mo ṣì kéré tó ẹni tí wọ́n ń rán pé kó lọ wò ó bóyá omi ti hó, yàrá méjì ni bàbá mi háyà ní Dọ̀pẹ̀mú. Ọ̀kan ni tiwa, èmi àti ìyá mi àti àwọn àbúrò mi. Ìkejì, ti àwọn òyìnbó onígìtá ni. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ṣì kù nílẹ̀. Bàbá mi, akọ̀wé ìjọba, ọmọ Èkìtì tó ń fi ohùn gíga kọrin ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ẹ̀rọ giramafóònù kan tó tóbi bí àpótí aṣọ. Ó sì ní àwọn àwo orin dúdú tó ti kó jọ láti ìgbà tó wà ní àpọ́n. Ìyá mi a máa sọ fún àwọn aládùúgbò pé òun bá ìyàwó àgbà nílé, pé ìyàwó náà kò bímọ ṣùgbọ́n ó ń pariwo.

Orin inú àwo wọ̀nyẹn kì í ṣe jùjú, kì í ṣe àpàlà. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì ló kọ ọ́, ní ìparí àwọn ọdún tí ẹ̀yin ọmọ ìwòyí ń pè ní sístíìsì. Irun wọn gùn ju ti ìyá mi lọ, wọ́n sì ya àwòrán ara wọn sí páálí àwo pẹ̀lú ojú ẹni tí ebi ń pa. Gìtá ni ọba níbẹ̀. Ẹnìkan á kọ́kọ́ ké bí ẹni tí ìyàwó kọ̀ sílẹ̀, gìtá á wá gba ẹkún náà lẹ́nu rẹ̀, kò sì ní í dá a padà bọ̀rọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi méjì máa ń wá. Èkíní jẹ́ tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọ Oǹdó, ó tínrín bí ọwọ́ ìgbálẹ̀. Tíṣà náà ni gbogbo wa ń pè é. Èkejì sanra, Mùsùlùmí ni, iléeṣẹ́ omi ìjọba ló ti ń ṣiṣẹ́. Àwa ọmọdé sọ ọ́ ní Bàbá Olómi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi kì í yọ nínú ẹ̀rọ àdúgbò wa. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jọ gbé inú yàrá kan nígbà tí wọ́n wà ní àpọ́n, ibẹ̀ ni wọ́n ti kó àrùn orin yìí ran ara wọn. Bí wọ́n bá ti jókòó, wọ́n á dijú. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí abẹ́rẹ́ á fi rìn dé àárín àwo. Ìyá mi nìkan ni òfin náà kò mú.

"Ẹni tó ń ké yìí, ta ló kú fún un?"

"Kò sẹ́ni tó kú, ìyàwó wa," Tíṣà dá a lóhùn láìlajú. "Ìbànújẹ́ ọkàn ni."

"Ẹ̀yin wá ń mi orí sí ìbànújẹ́ ọmọ ọlọ́mọ."

"À ń bá a kẹ́dùn ni."

"Ẹ bá a kẹ́dùn dáadáa. Bó bá ṣe díẹ̀, kí ẹnìkan wá bá mi sọ ìkòkò kalẹ̀."

Tíṣà ló là á yé mi lọ́jọ́ kan pé tiwa ni orin náà. Ó ní wọ́n kó àwọn bàbá wa lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà, orin bá wọn lọ. Àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ọ níbẹ̀, ó dùn mọ́ wọn, wọ́n kó o lọ sílé. "Àwa náà wá ń fi owó oṣù wa rà á padà," ló wí. Bàbá Olómi mi orí, ó ní, "Wọ́n ṣáà bá wa ki iná bọ gìtá rẹ̀, Tíṣà. Má ya aláìmoore."

Àwo kan wà tí orin kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ojú rẹ̀ kan tán. Òun ni wọ́n máa ń fi kásẹ̀ ńlẹ̀. Gìtá á kọ́kọ́ máa rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn, á wá rí i, á ṣí ilẹ̀kùn, á sì jáde síta lọ máa bá gbogbo ayé jà. Tó bá parí, Bàbá Olómi á kàn yọ fìlà, á fi nu ojú.

Bàbá mi ra ilẹ̀ sí Ayọ̀bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ayọ̀bọ̀ òde òní, ẹ gbàgbé rẹ̀. Oko ẹ̀gẹ́ ni, òkété ni lánlọ́ọ̀dù àkọ́kọ́. Ẹ sì mọ bí a ṣe ń ṣe é ní Èkó wa yìí: ilé bá ti rí páànù lórí báyìí, ẹrù ti wọlé nìyẹn, kí onílé má bàa tún pariwo lé èèyàn lórí. Fèrèsé, sìmẹ́ńtì ilẹ̀, síílìn, wọn á máa bá èèyàn níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ la ṣe kó lọ. Kò sí síílìn, kò sì sí iná mànàmáná. Giramafóònù di tábìlì tí à ń gbé búrẹ́dì lé.

Ikán ló kọ́kọ́ kí wa káàbọ̀. Ó jẹ ẹsẹ̀ àpótí ìyá mi, ó jẹ àwọn ìwé tí bàbá mi fi kẹ́kọ̀ọ́. Bàbá mi wo ikán, ó wo àwọn páálí àwo rẹ̀, ó sì pinnu. Ó kan pákó mọ́ ara ògiri lókè pátápátá, lábẹ́ páànù gan-an. Ó fi ọ̀rá wé àwọn àwo náà, ó fi ògbólógbòó ìró ìyá mi dì wọ́n, ó tò wọ́n síbẹ̀. Tíṣà wá wò ó, ó gbóríyìn fún un. "Ikán tó bá gun ibẹ̀ dé," ló wí, "èmi fúnra mi ni màá fún un ní ìwé ẹ̀rí." Kò sí ẹni tó ronú kan páànù. Ikán ni gbogbo wa ń sá fún.

A wá ń retí iná. Àwọn lánlọ́ọ̀dù ń ṣèpàdé, òpó ń bọ̀, òpó kò dé. Mo wọ ilé ìwé girama, ọmú yọ láyà mi, iná kò dé. Àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi kò tìtorí ìyẹn yẹsẹ̀. Ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn ni wọ́n sún un sí, Tíṣà láti Dọ̀pẹ̀mú, Bàbá Olómi láti Ìgándò tí òun náà ti kọ́lé sí. Wọ́n á jókòó yí ẹ̀rọ tí kò fọhùn ká, wọ́n á máa rántí orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má bàa gbàgbé. Bàbá mi á ní, "Nígbà tí iná bá dé." Àwọn yòókù á ní, "Àmín."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni iná dé lóòótọ́, wọ́n sì wà níbẹ̀. Gbogbo àdúgbò hó. Bàbá mi kò bá wọn hó. Ó gun àga, ó gbé ẹrù náà sọ̀ kalẹ̀, ó tú u. Àwo tó kọ́kọ́ fà yọ ti ká kò bí ewé kókò tí oòrùn pa. Ìkejì rí bẹ́ẹ̀. Ikán kò fọwọ́ kan páálí kan, ojú àwọn òyìnbó náà ṣì ń dán, ooru páànù ló ti se gbogbo ohun tó wà nínú wọn. Bàbá mi ń fà wọ́n yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé èyí tó kàn á sàn. Ó kan orin gígùn náà. Ó gbé e sórí ẹ̀rọ bó ti rí, ó gbé abẹ́rẹ́ lé e. Abẹ́rẹ́ ń gun òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, orin náà ké bí ẹni tí wọ́n gbé gba ojú ọ̀nà tí kò dáa, ó sì fò bọ́ sílẹ̀. Bàbá mi pa ẹ̀rọ náà. Iná tí a retí tó bẹ́ẹ̀ wá ń tàn sí wa lójú.

Ìyá mi tó ti ń fi orin náà ṣẹ̀sín látìgbà yìí ló kó àwọn àwo náà. Ó fi ọlọ tẹ̀ wọ́n, kò nà. Ó gbé àpò gàrí lé wọn. Ó ní ìyàwó àgbà kò ní í kú lójú òun. Ọ̀kan là sí méjì, àwọn yòókù kò yí padà. Bàbá mi wá òmíràn rà dé Ìbàdàn. Àwọn tó ń ta àwo á wò ó tìtì, wọ́n á ní, "Irú orin wo nìyẹn, bàbá?" wọ́n á sì nawọ́ orin ijó ọlọ́mọge sí i.

Ó pẹ́ díẹ̀ sí i, lọ́jọ́ Àìkú kan tí wọ́n jókòó yí ẹ̀rọ náà ká, Tíṣà fi ìka di imú rẹ̀, ó la ẹnu, gìtá jáde. Gìtá gidi, tó ń wá kọ́kọ́rọ́. Bàbá Olómi bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìdérí giramafóònù. Bàbá mi, ẹni tó ń kọ ohùn gíga ní ṣọ́ọ̀ṣì, wá gbé ohùn ìsàlẹ̀: dùm, dùm, dùm. Mo rẹ́rìn-ín títí ìyá mi fi lé mi jáde, òun náà sì jáde tẹ̀lé mi kó lè rí ibi rẹ́rìn-ín.

Bí ó ṣe di àṣà nìyẹn. Mo lọ́kọ, mo kó lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá, mo bímọ, wọ́n ń ṣe é. Síílìn dé, àwọn aládùúgbò rọ́ dé, ìyá mi kú, wọ́n ń ṣe é. Ní gbogbo ìgbà yẹn rédíò wa ń gba ohùn sílẹ̀ o. Ìwàásù la fi ń gbà. Ta ni ì bá fi kásẹ́ẹ̀tì ṣòfò lórí ariwo ẹnu àwọn àgbàlagbà mẹ́ta?

Bàbá Olómi ló kọ́kọ́ lọ. Wọ́n ti sin ín kí oòrùn tó wọ̀, bí àwọn Mùsùlùmí ti ń ṣe. Àwọn méjì tó kù ń bá a lọ láìsí ìlù. Ọyẹ́ èṣí ni Tíṣà sùn tí kò jí.

Bàbá mi wá ń dá ohùn ìsàlẹ̀ tirẹ̀ ṣe. Á ṣe dùm, dùm, dùm, á dákẹ́, á tẹ́ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, á dúró kí gìtá parí tirẹ̀, á sì tún bẹ̀rẹ̀ níbi tó yẹ. Àlejò á rò pé ogbó ló ń dà á láàmú. Èmi mọ̀ pé ó ń gbọ́ Tíṣà ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan ó dákẹ́, kò tún bẹ̀rẹ̀ mọ́.

"Mi ò gbọ́ ọ mọ́," ló wí fún mi. "Mo máa ń gbọ́ ọ dáadáa tẹ́lẹ̀. Ó ti ń lọ lórí mi. Bá mi wá a, jàre."

Mo mú àbíkẹ́yìn mi lọ síbẹ̀ pẹ̀lú fóònù rẹ̀. Kí n tó mu omi, ọmọ ti rí i, àwo náà gan-an, pẹ̀lú àwòrán àwọn olójú ebi. Ó so ó mọ́ sìpíkà. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbé ife omi sílẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ ọ láti Dọ̀pẹ̀mú, òun náà sì ni. Bàbá mi dijú, kò sọ̀rọ̀ títí ó fi parí, gẹ́gẹ́ bí òfin.

"Wọ́n gbìyànjú," ló wí.

"Bàbá, àwọn gan-an nìyẹn. Àwo yín nìyẹn."

"Mo mọ̀ wọ́n. Mo ní wọ́n gbìyànjú. Ti Tíṣà ni mò ń wí. Níbi tí gìtá ti máa ń yà sí Oǹdó kó tó padà wálé."

"Dádì àgbà, Tíṣà wo?" ọmọ mi bèèrè. "Kí lorúkọ ẹgbẹ́ wọn?" Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí fóònù. Ó gbójú sókè wò mí.

Kí ni ẹ̀yin ì bá sọ? Èmi fúnra mi di imú, mo gbìyànjú rẹ̀. Bàbá mi gbọ́ ọ tán, ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi," bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tó ra oògùn tí wọn ò rán an. Ó tún kọjú sí fóònù. Mo wá sọ fún un pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò dáa.

"Kò burú," ló wí. "A máa dúró."

Láyé ìgbà tiwa, orin ṣòro rí, ẹni tí a óò jọ gbọ́ ọ ló pọ̀. Lónìí, gbogbo orin tí òyìnbó kọ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ló wà nínú àpò ọmọ mi, mi ò sì mọ ohun tí mo lè fi í ṣe fún bàbá mi. Lọ́jọ́ Àìkú, bí mo bá ti wọlé, kó tó dá ìkíni mi lóhùn ni á ti máa bèèrè.

"Ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dé?"

"Kò tíì dé, bàbá."

Á ní kí n jókòó, ká jọ máa retí rẹ̀.