Wọ́n Ti Oògùn Wa Mọ́lé, Wọ́n sì Lọ

Lọ́jọ́ tí ìjà dé abúlé wa, ọkọ̀ ojú omi ìjọba ìbílẹ̀ wá kó jẹnẹrétọ̀ àti àga ilé ìwòsàn, ó sì fi àwa aláìsàn sílẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àyè kò sí. Orí afárá onípákó ni mo dúró sí, tí mo ń wò wọ́n. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ń bá mi jà nígbà náà, ìtọ́jú mi kò tíì dé ìdajì.

"Ọ̀gá, oògùn wa wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn."

Ọkùnrin tó mú kọ́kọ́rọ́ dání kò wo ojú mi. "Màdámú, a máa padà wá."

Kò pẹ́ tí wọ́n lọ ni ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún lẹ́nu odò. Bàbá Àlí, apẹja tó múlé tì wá, kó wa sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó wa ọkọ̀ wọ inú irà. Láti ibẹ̀ la ti ń gbọ́ bí pákó ilé wa ṣe ń jó, tó ń já sínú omi.

Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì àwọn oníbọn ń kọjá, èmi sì ń wúkọ́.

"Ìwọ tí o lọ yunifásítì," Bàbá Àlí rọra sọ, "wọn ò kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń wúkọ́ láìpariwo?"

"Wọn ò kọ́ wa, Bàbá."

Àwọn kan ní kí wọ́n sọ̀ mí kalẹ̀ sórí gbòǹgbò igi. Bàbá kọ̀. Ó gbé èmi àti Tìámíyù, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún àwọ̀n ṣe, tí òun náà ń gba oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, sínú ọkọ̀ kékeré kan tó ti ń fà bọ̀ lẹ́yìn. Ó fi okùn àwọ̀n gígùn so ó mọ́ tiwọn, ó tì wá jìnnà. Bí àwọn oníbọn bá gbọ́ ikọ́, àwa méjì ni wọn yóò rí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo bá a so ó.

Orímisan ọmọ mi, tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, wà nínú ọkọ̀ Bàbá Àlí. Ó di okùn mú. Á fà á. Èmi náà á fà á padà kó lè mọ̀ pé ìyá òun ṣì wà. Ẹ̀jẹ̀ ń bá ikọ́ jáde. Pupuru, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí a gbé dání, tí omi iyọ̀ ti wọ̀, kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ. Mo fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ parí. Okùn á sì tún mì. Mi ò ní ìdí mìíràn tí mo fi ń mí.

Tìámíyù ń wò wá. Òun kò ní ẹnì kankan lọ́hùn-ún.

"Àǹtí, ẹ ní kó máa fà á lẹ́ẹ̀mejì. Kí ìkejì jẹ́ tèmi."

Nígbà tí Bàbá Àlí gbé omi mímu wá, mo ní kó sọ ọ́ fún ọmọ mi. Bẹ́ẹ̀ ló rí láti ìgbà náà: mo fa tèmi, Tìámíyù fa tirẹ̀, á sì rẹ́rìn-ín.

Tìámíyù kú kí a tó jáde nínú irà. Ọmọ náà ò mọ̀, ó ṣì ń fà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo ń dá méjèèjì lóhùn.

Nígbà tí ìbọn dákẹ́, a padà sílé. Òpó ló kù nínú omi, kò sí ilé lórí wọn. Àwọn ìjọba gbé ẹní àti ìrẹsì wá, wọ́n ya fọ́tò. Mo bi wọ́n léèrè oògùn. Wọ́n ní kí n dúpẹ́ pé mo yè. Lónìí, ẹ̀dọ̀fóró mi kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ọ́fíìsì nígbà náà, ta ló pàṣẹ pé kí wọ́n gbé àga, kí wọ́n fi ènìyàn sílẹ̀? Kí ni Tìámíyù fi ṣẹ̀ yín? Ẹ dárúkọ ẹni náà fún mi, nígbà tí mo ṣì lè mí.