Atifi Méjì Lójú Ọ̀run Moshie Zongo

Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n mú iná lọ ní Moshie Zongo, gbogbo àdúgbò ń ráhùn, èmi ń yọ̀ ní tèmi. Dumsor ni wọ́n ń pe iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ní Kumasi, bí ẹni ń ṣépè ni wọ́n sì ń pè é. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò ìràwọ̀ kò ní ọ̀rẹ́ tó jù ú lọ.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí mi, ọkọ ló gbé mi dé Kumasi. Ọ̀gá mi, Máàmé Adwoa, ọmọ Àṣáńtì tó ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ní Ayigya, ti kọ́ mi ní fọ́tò ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti ti ìwé ìrìnnà. Iṣẹ́ Alhaji Sànúsí ni àkọ́kọ́ tó ní kí n dá lọ ṣe. Kò fi bọpo bọyọ̀: bí mo bá bà á jẹ́, ìdí fọ́tò ìwé ìrìnnà ni màá padà sí.

Inú ilé alágbàlá tí bàbá rẹ̀ kọ́ ni Alhaji ti dàgbà. Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ wó o lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rọ́pò rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn sí i, àfi ohun kan.

"Ọmọ mi, inú àgbàlá yìí la máa ń tẹ́ ẹní sí nígbà ooru. Ojú ọ̀run ibẹ̀ ni mo fẹ́ mú dání lọ. Wọ́n ní kámẹ́rà yín lè mú ìrìn ìràwọ̀."

"Àwa gan-an là ń rìn, Bàbá."

Mo ṣàlàyé fún un pé ayé ń pòòyì bí òkòtó, ó ń yí lọ síhà ìlà-oòrùn, a kò kàn mọ̀ ọ́n lára ni. Bí kámẹ́rà bá dúró sójú kan tó ń ya fọ́tò léraléra, tí a wá to gbogbo wọn léra lórí kọ̀ǹpútà, ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan á ti fa ìlà tirẹ̀.

"Wallahi! Abájọ tí òòyì fi ń kọ́ mi!" ni Alhaji wí.

Ohun tí Máàmé Adwoa fẹ́ ni kí àwọn ìlà náà yí po di òbìrìkìtì, bíi ti fọ́tò kan tó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù wa. Bí mo ṣe ń jáde lọ́jọ́ náà ló ti ń pariwo tẹ̀lé mi: "Rashi, fa kamera no kyerɛ atifi o!"

Twi tèmi, Twi ibi ìdirun ni. Mo gbọ́ pé kí n dojú kámẹ́rà kọ atifi, mo sì mọ atifi dáadáa: àtàrí ni! Ibẹ̀ ni onídìrí mi máa ń fi kọ́ǹbù kàn tó bá fẹ́ kí n tẹrí ba. Mo bá dojú kámẹ́rà kọ òkè gangan láàárín àgbàlá, mo jókòó ti Bàbá lórí ẹní, à ń jẹ kóósé, àkàrà ibẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì, mo to fọ́tò léra, ìlà gbọọrọ gbọọrọ ló jáde, láti òrùlé kan dé èkejì, bí ìgbà tí wọ́n fi kọ́ǹbù ya irun.

"Ei, Rashi! Ɛdeɛn nie?" Máàmé Adwoa ń bi mí pé kí nìyí.

Mo ní ṣebí òun ló ní atifi, mo sì fọwọ́ kan àtàrí mi. Máàmé Adwoa wò mí, ó wo àjà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ìjókòó. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń pe àríwá! Ó wá là mí lóye: ìhà àríwá ni orí òkòtó náà kọ sí, ibẹ̀ ni ìràwọ̀ ti ń yípo ojú kan ṣoṣo. Ní Kumasi, ojú kan náà lọ sílẹ̀ gan-an, òrùlé lè bò ó. Èyí tó wà lókè orí wa, ńṣe ló ń gba tààrà kọjá. Lẹ́yìn náà ló dákẹ́ ẹ̀rín.

"Ọ̀la ni wọ́n ń wó ilé yẹn. Alẹ́ òní nìkan ló kù ọ́ kù."

Alẹ́ dé, iná kò lọ. Gílóòbù tàn yan-an káàkiri. Mo sọ fún Alhaji, ó bá mú ọ̀pá rẹ̀, ó ń ti ilé kan bọ́ sí èkejì, ó ń sọ Hausa níhìn-ín, Twi lọ́hùn-ún: kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bá òun paná, ilé bàbá òun ń ya fọ́tò ìkẹyìn.

"Alhaji, ṣé ẹ̀yin ni dumsor tuntun ni?" ni ìyá oníkóósé bi í, ó sì fi ike bo gílóòbù tirẹ̀. Gbogbo àdúgbò rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn, ìràwọ̀ sì yọ. Mo dojú kámẹ́rà kọ àríwá, lókè òrùlé ilé ìdáná.

Òbìrìkìtì jáde! Ìdajì rẹ̀ yọ lórí òrùlé bí òṣùmàrè. Mo fò sókè ní ṣọ́ọ̀bù, Máàmé Adwoa gbá mi mọ́ra.

Nígbà tí mo gbé fọ́tò méjèèjì lọ, ilé ti di àlàpà, Bàbá jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kọ́kọ́ fi òbìrìkìtì hàn án.

"Maa shaa Allah, ó rẹwà paa."

Ló bá rí ìkejì lábẹ́ rẹ̀.  Ó nà gbalaja sórí ẹní, ó gbé fọ́tò onílà náà sókè ojú ara rẹ̀.

"Èyí ni. A kì í wo àríwá, ọmọ mi, ẹ̀yìn la fi ń lélẹ̀. Ìràwọ̀ á yọ lórí yàrá ìyá mi, kó tó dórí yàrá bàbá mi, oorun á ti gbé mi lọ."

Omi bọ́ lójú mi, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu mi. Lónìí, òbìrìkìtì wà ní pálọ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà fún àlejò. Onílà wà lára àjà, lókè ibùsùn Alhaji. Bí mo bá sì ń lọ ya ìràwọ̀, Máàmé Adwoa ṣì ń pariwo tẹ̀lé mi pé atifi o.

"Atifi wo?" ni mo máa ń bi í.

"Méjèèjì!"